Ìkìlọ̀ fún ará wa ní Arizona àti Texas: ẹ má sanwó fún "pámíìtì ìyìnbọn" tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp

Bí ẹ bá ń gbé ní Phoenix, Mesa, Tucson tàbí ìlú tó yí wọn ká, tí ẹ sì ń wá ìta gbangba tí ẹ ti lè yìnbọn sí tágẹ́ẹ̀tì láìrú òfin, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá àwọn kan pàdé tí wọ́n ń ta "pámíìtì ìyìnbọn ọlọ́dún kan" fún ilẹ̀ ìjọba. Wọ́n wà lórí WhatsApp, wọ́n wà lórí Facebook Marketplace. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku mẹ́ta péré, tó bá di ọ̀la owó á lé sí i." Wọ́n á ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí Zelle tàbí Cash App, ìwé PDF kan á sì já sórí fóònù yín: àmì BLM lókè, orúkọ yín láàárín, QR code nísàlẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìjọba kì í ta irú ìwé bẹ́ẹ̀.

BLM, ìyẹn Bureau of Land Management, ni ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 240 éékà, ìhà ìwọ̀ oòrùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn láti fi najú lórí ilẹ̀ yìí, òun àti ẹbí rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, kò nílò pámíìtì, kò sì ní san owó, àyàfi níbi tí wọ́n bá ti kéde pé àwọn ti ibẹ̀ pa. Òfin tí wọ́n ń pè ní Dingell Act, tó jáde ní 2019, fìdí èyí múlẹ̀: ilẹ̀ BLM àti igbó ìjọba àpapọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọdẹ, ẹja pípa àti ìyìnbọn ìnajú títí dìgbà tí ìjọba bá kéde pé òun ti apá kan níbẹ̀ pa. Ibi tí àwọn oníjìbìtì ti ń rí wa mú nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tó bá ní ìbọn láìní ìwé ọlọ́pàá ti wọ gàù. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, kíá ni ó máa ń wọ̀ wá létí.

Ìwé kan wà lóòótọ́ tí BLM máa ń fúnni, Special Recreation Permit lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń fi ilẹ̀ náà pawó ló wà fún: ẹni tó ń gbowó kọ́ èèyàn ní ìbọn, ẹni tó ń ṣètò ìdíje. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ sanwó kí òun lè mú yín lọ yìnbọn ní aṣálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun gan-an ni ìwé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ pe ọ́fíìsì BLM tó ni agbègbè náà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ìwé náà fún wọn. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ kò ní bínú. Ẹni tí kò ní i á máa sọ pé ẹ ò fọkàn tán òun.

Èyí tó léwu jù nínú ọjà wọn, ìwé gidi ni. Arizona State Land Department ń ta pámíìtì ìnajú fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní State Trust Land. Ẹ lè rìn káàkiri níbẹ̀, ẹ lè pàgọ́, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́. Ẹ kò lè yìnbọn sí tágẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú ìlànà pámíìtì náà fúnra rẹ̀ pé kò fàyè gba ìyìnbọn ìnajú. Ọdẹ tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ lè wọ ibẹ̀ lọ ṣọdẹ nígbà tí àkókò ọdẹ bá tó, àmọ́ àǹfààní yẹn kò kan páálí àti agolo tí èèyàn tò kalẹ̀ tó ń yìn ín. Ohun tí ẹni tó ń tà á máa ń ṣe ni pé á lọ rà á ní orúkọ yín lórí ìkànnì ìjọba, á bu tirẹ̀ lé owó rẹ̀, á sì pè é ní pámíìtì ìyìnbọn. Bí ẹ bá pe ọ́fíìsì láti wádìí, wọ́n á ní orúkọ yín wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkàn yín á sì balẹ̀. Lọ́jọ́ tí agbófinró bá bá yín níbẹ̀ tìbọntìbọn, ìwé yẹn kò ní lè gbà yín sílẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà ṣe pín ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn. Nígbà tí Arizona di ìpínlẹ̀ ní 1912, ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un kó lè máa fi owó orí rẹ̀ ran ilé ìwé lọ́wọ́. Wọ́n gé ilẹ̀ sí township, wọ́n gé township kọ̀ọ̀kan sí ìpín 36, ìpín 2, 16, 32 àti 36 sì bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpín kan jẹ́ 640 éékà, máìlì kan ní òró, máìlì kan ní ìbú. Lónìí ilẹ̀ Trust yìí lé ní mílíọ̀nù 9 éékà, ó sì wà káàkiri láàárín ilẹ̀ BLM àti ilẹ̀ aládàáni bí ojú pátákó dráfù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí wáyà, kò sí pátákó. Ẹ lè dúró lórí ilẹ̀ BLM, kí tágẹ́ẹ̀tì yín sì wà lórí ilẹ̀ Trust, kí ẹ má mọ̀.

Máàpù ló lè là yín. Lára máàpù onílẹ̀ tí BLM ń tẹ̀ jáde, yẹ́lò ni ilẹ̀ BLM, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ Trust, àwọ̀ ewé ni igbó tó wà lábẹ́ Forest Service (ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó igbó), funfun ni ti aládàáni. Ẹ dáúnlóòdù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé nẹ́tíwọọ̀kì máa ń kú ní aṣálẹ̀. Áàpù Avenza Maps àti onX Hunt ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, onX sì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ aládàáni hàn. Ẹ wá ibi tó yẹ́lò, tí etí rẹ̀ jìnnà dáadáa sí búlúù àti funfun, tí òkè tàbí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ẹ máa gbé tágẹ́ẹ̀tì sí. Òkúta kò dára, torí ọta máa ń ta padà lára rẹ̀, ọta .22 kékeré pàápàá sì lè lọ ju máìlì kan lọ bí kò bá rí nǹkan dá a dúró. Ẹ kọ latitude àti longitude ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ pe BLM. Ní ìhà Phoenix, Hassayampa Field Office tàbí Lower Sonoran Field Office ni ẹ máa pè. Ìbéèrè méjì ni: ṣé ibí yìí ṣí fún target shooting? Ṣé òfin iná, ìyẹn ìfòfindè nítorí kí igbó má baà gbiná, wà lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?

Ẹ má rí yẹ́lò kí ẹ kàn gbà pé ó ti tán. BLM ló ń bójú tó Agua Fria National Monument àti Ironwood Forest National Monument, síbẹ̀ kò sí ìyìnbọn ìnajú nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń ta "ibùdó tó pamọ́, tí ọlọ́pàá kì í dé" nínú wọn fún yín, ẹ̀wọ̀n ló ń tà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà máàpù, BLM ti ṣètò ibùdó ìyìnbọn yí Phoenix ká. Baldy Mountain, Box Canyon, Church Camp Road, Narramore Road àti Saddleback Mountain wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń darí èèyàn níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó bá àwọn tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rìn lọ síwájú. Tágẹ́ẹ̀tì páálí tàbí irin tó ṣeé kó lọ ni kí ẹ gbé dání. Ìgò, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti fíríìjì kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣa ìkarahun ọta tí ẹ ti yìn kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, Ben Avery Shooting Facility ní àríwá Phoenix ló dára jù: ti ilé iṣẹ́ ẹranko ìgbẹ́ ìpínlẹ̀ ni, àwọn olùdarí wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà lẹ ti máa san owó yín.

Nínú igbó Forest Service, bíi Tonto, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹ má yìnbọn láàárín 150 yáàdì sí ilé, àgọ́ tàbí ibi tí èèyàn wà, kí ẹ má yìnbọn kọjá lórí títì tàbí omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì yìnbọn nínú ihò àpáta. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fòfin de ìyìnbọn pátápátá. Nígbà yẹn ni àwọn oníjìbìtì máa ń polówó jù, tí wọ́n á ní "òfin iná kò kan pámíìtì wa." Irọ́ ni. Bí wọ́n bá sì fi tágẹ́ẹ̀tì abúgbàù ṣe èènì fún yín, ẹ dá a padà. Ní April 2017, òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ibodè kan yin irú rẹ̀ níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi ń kéde bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọmọ inú, lórí ilẹ̀ Trust nítòsí Green Valley. Iná tó ti ibẹ̀ ràn, Sawmill Fire, jó nǹkan bí 47,000 éékà, wọ́n sì dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là lé e lórí.

Ohun tó kàn yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ wà níbí pẹ̀lú físà ọmọ ilé ìwé, físà àbẹ̀wò tàbí físà iṣẹ́ H-1B. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti olùgbé títí láé mú ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ìbọn tí ẹ yá fún wákàtí kan wà nínú rẹ̀, ọta nìkan pàápàá wà nínú rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ọdún 15 lẹ́wọ̀n, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ dá èèyàn padà sílé. Ọ̀nà àbáyọ tó wà nínú òfin náà kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún yín, tí kò sì tíì parí. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn oníjìbìtì ń lọ́ po. Wọ́n á ní "pámíìtì wa ni òfin yẹn ń sọ." PDF wọn kì í ṣe láísẹ́ǹsì ọdẹ. Pámíìtì ilẹ̀ Trust náà kì í ṣe é. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ti parí, láísẹ́ǹsì ọdẹ kò lè gbà á. Ẹjọ́ Rehaif, tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2019, ti ibi tó rọrùn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí físà rẹ̀ mọ́ lọ yìnbọn ní pápá ìyìnbọn kan ní Florida. Ilé ẹjọ́ náà ní ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ ipò tó wà, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì ti dá ẹ̀wọ̀n fún un. Ẹ bá lọ́yà ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó ní green card kò sí lábẹ́ ìfòfindè ti físà yìí.

Ní Texas, ọjà wọn yàtọ̀. Ilẹ̀ BLM kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ti aládàáni ló pọ̀ jù, nítorí náà ohun tí wọ́n ń tà fún ará wa ní Houston àti Dallas ni "ààyè ọdún kan" lórí oko ẹlòmíràn. Ẹ gba àdírẹ́sì oko náà, ẹ wá a lórí ìkànnì appraisal district (ọ́fíìsì tó ń díye lé ilẹ̀) káúńtì ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, orúkọ onílẹ̀ á sì jáde. Bí orúkọ náà kò bá bá ti ẹni tó ń gbowó mu, ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà onílẹ̀. Bí ó bá bá a mu, ẹ gba ìyọ̀ǹda yín ní kíkọ, pẹ̀lú ọjọ́, ààlà àti irú ìbọn tí ẹ lè lò. Ẹ bi í bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó, torí pé káúńtì lè fòfin de ìyìnbọn lórí àwọn pulọ́ọ̀tì ilé tí kò ju 10 éékà lọ. Bí ọta yín bá sì kọjá ààlà sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀yin ni òfin máa mú.

Georgia àti Maryland ní pápá ìyìnbọn ìjọba tó nílò ìwé lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ DNR, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó igbó àti ẹranko, ni kí ẹ ti rà á fúnra yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó lórí WhatsApp.

Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ pe báńkì yín lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ó bá jẹ́ káàdì, ẹ ní kí wọ́n fagi lé owó náà. Ti Zelle le láti gbà padà, síbẹ̀ ẹ fi ẹjọ́ sùn kó lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó gbowó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ReportFraud.ftc.gov àti ic3.gov, tí wọ́n jẹ́ ìkànnì ìjọba àpapọ̀ fún ẹjọ́ jìbìtì, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì Attorney General ìpínlẹ̀ yín. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan lè pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kàn kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ fún òun. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ gé fóònù náà, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ kún ẹjọ́ tí ẹ ti fi sùn.