Mo ra àwòrán Àgùàlà àtijọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, ẹ wá gbọ́ o. Mo ra àwòrán 3 lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á ní London, póùn 35 ni ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi gbé e wá sí Adó nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Jupiter, Venus àti Uranus ni, àmọ́ wọn ò yà wọ́n bíi bọ́ọ̀lù o, òrìṣà àtijọ́ tí wọ́n forúkọ wọn sọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n yà. Jupiter di mànàmáná mú, ẹyẹ idì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, màmá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní ṣé Ṣàngó nìyí. Venus sì ni Àgùàlà tiwa, èyí táwọn èèyàn ń pè lájá oṣù, obìnrin arẹwà ni wọ́n fi ṣe, ọmọ ẹ̀ tó níyẹ̀ẹ́ mú ọfà dání.

Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ló wú mi lórí jù. Wọ́n fín in ni, bí wọ́n ṣe ń fín igbá: irin ẹnu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń fín in sórí bàbà, wọ́n á fi yíǹkì kún ojú ilà, wọ́n á nu ojú bàbà mọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ bébà tútù mọ́ ọn. Òjìji abẹ́ apá Àgùàlà, ilà wẹ́wẹ́ lásán ni, ó tín-ín-rín bí irun! Ilẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, la ti wá, a mọyì irú ẹ̀.

Uranus ló bà mí nínú jẹ́. Ẹni tó tà á kọ 1750 sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ 1781 ni William Herschel ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pílánẹ́ẹ̀tì yẹn, ta ló wá fín in mọ́ àwọn òrìṣà pílánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 31 ṣáájú? Mo fi lẹ́ǹsì wò ó, àmì róbótó wẹ́wẹ́ ni mo rí dípò ilà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbàlódé ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn dáadáa. Kò tiẹ̀ lápàá etí bàbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá àpá yẹn, ibi tí etí bàbà ti tẹ bébà wọnú yí àwòrán ká, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rọra pa á ẹ máa mọ̀ ọ́n, àfi tí wọ́n bá ti gé etí bébà dànù.

Mo kọ̀wé sí i, ọjọ́ kejì ló dá póùn 35 padà láìjiyàn, ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe férémù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, ó máa bà á jẹ́ ni. Àgùàlà ti wà ní pálọ̀, lára ògiri tí oòrùn kì í dé. Màmá ní yàrá tàwọn ni Jupiter ń lọ.