Fèrè Fox 40, àsíá oníbíípù àti ẹ̀rọ etí: èwo ló ń gbẹnu rẹfirí sọ̀rọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá rẹfirí kan mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ káàdì sílẹ̀, kó tẹ́tí sí fèrè. Irinṣẹ́ mẹ́ta ni rẹfirí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ lórí pápá: fèrè, àsíá oníbíípù tí láìnsímàn fi ń pe rẹfirí, àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kì bọ etí. Fèrè lowó rẹ̀ kéré jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Fèrè tó ń jẹ́ Fox 40 Classic la fẹ́ yẹ̀ wò dáadáa, àwọn méjì yòókù á tẹ̀ lé e.

Ará Kánádà kan, Ron Foxcroft, tó ń ṣe rẹfirí básíkẹ́ẹ̀tì, ló ní kí wọ́n ṣe fèrè yìí lẹ́yìn tí tirẹ̀ kú mọ́ ọn lẹ́nu níwájú èrò rẹpẹtẹ ní Brazil. Ọdún 1987 ló gbé e jáde níbi ìdíje Pan American ní Indianapolis. Ohun tó bí i nínú nígbà náà kò tíì kúrò lára fèrè àtijọ́: wóró kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń jó bí a bá ti ń fọn ún. Itọ́ á rin wóró náà, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ itọ́, wóró á sì dúró gbagidi. Bí èèyàn bá tún fi gbogbo agbára fọn ún, wóró lè lọ dí ihò. Ìgbà tí rẹfirí nílò ohùn jù, tí wọ́n gbá ẹnì kan ṣubú níwájú ilé, tí ariwo ti sọ, ìgbà yẹn gan-an ló lè já a kulẹ̀.

Fox 40 Classic kò ní wóró rárá, kò sí ohun tó ń mì nínú rẹ̀. Ihò mẹ́ta ló ní, ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì. Bí wọ́n bá jọ dún, wọ́n á máa gún ara wọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí igbe rẹ̀ la àárín ariwo kọjá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní ohùn rẹ̀ tó dẹ́síbẹ̀lì 115 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Bí ó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Oríṣi tí wọ́n fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀, CMG, dára ju èyí tó jẹ́ ike lásán lọ, nítorí eyín ń dì í mú nígbà tí a bá ń sáré.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí i, ohùn tíńrín tí kò jọ ti ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú ló máa jáde. Ẹ fi ahọ́n dí ẹnu fèrè, ẹ kó èémí jọ sẹ́yìn ahọ́n, kí ẹ wá yọ ahọ́n kúrò lójijì. Èyí ló ń fún un ní ìró tó gé ṣáká. Ẹ má sì fọn ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọdé, ohùn rẹ̀ lè pa etí lára. Ayédèrú náà wà lọ́jà: bí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike pọ̀ bá rí gbágungbàgun, tàbí tó jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde, ẹ dá a padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rẹfirí tuntun kò mọ̀ ni pé fèrè ní èdè. Fáòlù kékeré, ìró kan, kúkúrú. Ẹsẹ̀ tó gbá èèyàn láìbìkítà, ìró tó gùn tó sì le, kí ẹni tó gbá a ti mọ̀ kí rẹfirí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìkìlọ̀. Pẹ́nárítì, kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dún bákan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin fi sọ ibi tí fèrè kò ti pọn dandan: bọ́ọ̀lù tó jáde gbangba fún tọ́rò, kọ́nà tàbí gó-kíìkì, àti góòlù tí gbogbo ojú rí. Ṣùgbọ́n ó di dandan láti bẹ̀rẹ̀ eré, láti gbá pẹ́nárítì, àti láti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn káàdì, ìpalára tàbí pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dúró de fèrè kí wọ́n tó gba fíríkíìkì, ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ gbá a gbọ́, kí ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí fèrè.

Lórí pápá ilé ìwé tí eré méjì ti ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Classic méjì yóò da nǹkan rú: àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kan á dúró nítorí fèrè pápá kejì, àwọn ọwọ́ iwájú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá gbá á á sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ jẹ́ kí rẹfirí kan lo Classic, kí èkejì lo oríṣi míì, kí ẹ sì fọn méjèèjì fún àwọn ọmọ gbọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí fèrè òǹwòran bá da eré rú, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì fi dírọ́ọ̀pù bọ́ọ̀lù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí rẹfirí fúnra rẹ̀ jù sílẹ̀, tún eré bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ọmọdé, fèrè nìkan kò tó. Ẹ sọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: “O tì í lẹ́yìn, tiwọn ni.” Ó tán. Ọmọ tó mọ ohun tó ṣe kò ní í jiyàn. Bí fíríkíìkì bá jẹ́ èyí tí wọn kò lè gbá tààrà wọlé, ẹ na ọwọ́ kan sókè títí bọ́ọ̀lù yóò fi kan ẹlòmíì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí rẹfirí tètè sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Àsíá oníbíípù: láìnsímàn á tẹ bọ́tìnnì ìdí àsíá, ẹ̀rọ tó wà ní apá rẹfirí á mì, á sì dún. Ó wúlò púpọ̀ nígbà tí rẹfirí bá kọ ẹ̀yìn sí láìnsímàn. Ṣùgbọ́n bíípù kò dípò àsíá, ó kàn ń pe rẹfirí pé kó wò ni. Àtàǹpàkò láìnsímàn tó ń sáré lè tẹ bọ́tìnnì láìmọ̀. Ẹ kọ́ wọn láti di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ dán àsíá méjèèjì wò láti ìpẹ̀kun pápá kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì fi bátìrì tuntun sí i.

Ẹ̀rọ etí ló wọ́n jù, òun ni mo sì fún ní máàkì tó kéré jù fún eré àwọn ọmọdé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ yìí sì máa ń gbé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Luis Díaz gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Liverpool nílé Tottenham, láìnsímàn ní ọ́fsáìdì. Adájọ́ VAR, ìyẹn ẹni tó ń fi fídíò yẹ ìpinnu rẹfirí wò, rí i pé kì í ṣe ọ́fsáìdì, ṣùgbọ́n ó rò pé góòlù ni wọ́n ti fọwọ́ sí lórí pápá, ó sì sọ fún wọn pé àyẹ̀wò ti parí. Eré ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, kò sì ṣeé yí padà. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ohùn já gaara. Ohun tí kò sí ni kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ ìpinnu tó wà nílẹ̀, kó tó sọ ohun tí yóò yí padà.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ rẹfirí yín bá ní ẹ̀rọ yìí, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọ pápá: àwọ̀ aṣọ, nọ́ńbà, ìpinnu, kí ẹ sì sọ ìpinnu náà lẹ́ẹ̀mejì. “Búlúù, mẹ́jọ, ọ́fsáìdì. Ọ́fsáìdì.” Kí láìnsímàn má sọ̀rọ̀ nígbà tí rẹfirí bá ń bá balógun ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ fi bébà ìlẹ̀mọ́ so ẹ̀rọ mọ́ etí, torí òógùn máa ń yọ ọ́ láàárín ìdajì kejì.

Bí owó kò bá tó, Classic CMG méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan lápò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àsíá oníbíípù. Ẹ̀rọ etí lè dúró di ìgbà tí ẹ bá ń ṣe líìgì àgbà.