Abólọ́rùn tàbí aṣa: àkùkọ wo ni ká rà sáàárín adìẹ ìbílẹ̀?

Àwọn méjèèjì ló ń fara da ooru ju adìẹ tí ìyẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yàtọ̀.

Jíìnì (àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí) ti abólọ́rùn kì í jẹ́ kí ìyẹ́ hù lọ́rùn, ó sì ń dín ti ara yòókù kù. Ọmọ tó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan péré máa ń ní ìdì ìyẹ́ kékeré níwájú ọrùn. Èyí tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ọrùn rẹ̀ á bó pátápátá. Purotéènì tí ìbá fi hu ìyẹ́ á wúlò fún ẹran, títu ìyẹ́ adìẹ náà sì máa ń yá. Àmọ́ lásìkò ọyẹ́, á jẹun sí i kí ara rẹ̀ tó móoru.

Ti aṣa, kẹ́ratíìnì, ìyẹn purotéènì tó wà nínú ìyẹ́, ni jíìnì rẹ̀, KRT75, ń dà rú, ni ìyẹ́ fi ń ká sẹ́yìn. Òjò tètè ń wọ̀ ọ́ lára, kò sì lè fò dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣa gun aṣa! Nínú ọmọ mẹ́rin, ẹ retí kí ọ̀kan gba jíìnì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ́ irú wọn á máa kán wẹ́wẹ́ títí ara á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ìyà gidi ni. Bó bá gun abo oníyẹ̀ẹ́ lásán, nǹkan bí ìdajì ọmọ á jẹ́ aṣa, láìsí ìyà yẹn.

Bó bá jẹ́ ẹran lẹ ń tà níbi tí ooru ti mú, abólọ́rùn ni kí ẹ mú. Bí ilé adìẹ yín kò bá jò, tí àwọn tó ń wá aṣa fún ètùtù sì wà nítòsí, ẹ ra aṣa.