Owó Ìwé Kan Ló Wà Lọ́wọ́ Yín: Èwo Lẹ Ó Rà?

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Òkèṣà, nílùú Iléṣà. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ ò sì sí, màá fa ìwé yọ lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá máa kà á sókè fún màmá mi tó ń bá mi fọwọ́ rán etí aṣọ, àti fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ìdí nìyí tí mi ò kì í fi í bèèrè ẹ̀bùn tí ìwé gbà. Ọwọ́ màmá mi ni mo máa ń wò. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró lọ́wọ́ wọn, ìwé náà dáa.

Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé, "Àǹtí, owó ìwé kan ni mo ní o, èwo ni kí n rà?" Ìwé mẹ́rin lọ̀rọ̀ náà sábà máa ń já sí.

Stay With Me àti The Secret Lives of Baba Segi's Wives

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń ṣì mú fúnra wọn jù, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Obìnrin tó kàwé, kò lóyún, ilé ọkọ dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́, àṣírí kan sì wà nílẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kó tú: bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe rí. Ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni tí wọ́n gé fún ẹni méjì. Ọrùn ò dọ́gba, apá ò dọ́gba.

Lọlá Shónẹ́yìn ló kọ ti Bàbá Sẹ̀gi, ó jáde ní 2010. Ìbàdàn ni ìtàn náà wà. Bàbá Sẹ̀gi ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ó ti níyàwó mẹ́ta nílé, ó tún wá fẹ́ Bọ́láńlé tó jáde yunifásítì ṣe ìkẹrin. Oníkálukú wọn ló ń sọ tẹnu rẹ̀, títí kan dírẹ́bà. Inú baálé yìí kì í gba ìròyìn burúkú: bọ́rọ̀ bá ti le, èébì ló kù. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi gé òwú síbi tí kò yẹ. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú yàrá. Ẹ ò lè kà á sókè níwájú ìyá yín láìfo nǹkan kan. Èmi fò ó bí ẹni ń fo gọ́tà, màmá mi sì ní, "O ti dákẹ́ jù. Kí ló wà níbẹ̀?"

Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ jáde ní 2017, ó sì wọ àkójọ àwọn tó kù sí àṣekágbá ẹ̀bùn Baileys fún àwọn obìnrin òǹkọ̀wé lọ́dún náà. Ọmọ ilé wa ni, Iléṣà àti Ifẹ̀ ló ti dàgbà, ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ náà ló sì ti kàwé. Yéjídé tó ń ṣerun fáwọn obìnrin n'Iléṣà níbí àti Akin ọkọ rẹ̀ ló ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn, láti nǹkan bí 1985 tí Babangida gbàjọba lọ. Ìyá ọkọ mú ìyàwó kejì wá. Yéjídé fa ewúrẹ́ gun òkè lọ bá wòlíì, ó sì dé ibi tó ti ń fún ewúrẹ́ náà lọ́mú.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n ní, "Ẹ má fi ṣẹ̀rín. Ẹni tó ń wọ́mọ ò rí ohun tí kò lè gbé pọ̀n." Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.

Òmíì tún wà. Mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ àkọlé ìwé yìí ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bọ́ sí i. Nígbà tí mo kà dé orúkọ ọmọ kan, Rótìmí, màmá mi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Dúrótìmí. Àbíkú ni wọ́n ń bá fà á." Àkọlé náà ti tú nìyẹn. Òyìnbó tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù á dúró títí wọ́n á fi ṣàlàyé fún un, àwa ò nílò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ bá ti lanu, ńṣe ni mo kàn ń dá ọ̀rọ̀ náà padà sílé.

Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ka ìwé kan tán kẹ́yìn, ẹ ra Bàbá Sẹ̀gi, ẹ̀rín á gbé e yín débi àṣírí kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àmọ́ bó ṣe ìwé tẹ́ ẹ ó tún ṣí lọ́dún tó ń bọ̀ lẹ ń wá, Stay With Me ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin ìkankan fún un yín. Oníbàárà mi kan jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, ó tú gbogbo ti Bàbá Sẹ̀gi fún mi kí n tó ka ìdajì. Mi ò tíì dárí jì í.

A Spell of Good Things

Ayọ̀bámi kan náà, 2023, ó wọ àkójọ àkọ́kọ́ fún Booker, ẹ̀bùn ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún yẹn. Ó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé méjì ló dá lé: Wúràọlá, dókítà, ọmọ olówó, àti Ẹniọlá, ọmọ tíṣà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó wá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí èmi dúró sí. Ọmọ tí wọn ò san owó ilé ìwé rẹ̀, tí wọ́n ń nà torí rẹ̀, tó wá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ti ní irú ẹ̀ lọ́dọ̀ rí. Mi ò lè ka àwọn ojúewé wọ̀nyẹn sókè, mo dá kà wọ́n lóru.

Àlébù rẹ̀ ni pé kò tètè gbéra. Kó tó dé ibi òṣèlú, ẹni tí kò ní sùúrù ti gbé e jù síbì kan. Òpin rẹ̀ sì le, ẹ má kà á lọ́jọ́ tínú yín ò dùn. Ẹ ra Stay With Me kẹ́ ẹ tó ra èyí.

Àjà Ló Lẹrù

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ilé yín, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan, èyí ni kẹ́ ẹ rà. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ń tọpa àwọn ọ̀daràn, òwe ń já lu òwe. Màmá mi, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tí kì í yin ará Ọ̀yọ́, ní, "Àwọn èèyàn yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ ṣá." Iná dé, wọn ò jẹ́ kí n padà sídìí ẹ̀rọ. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ dáa náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín ló ti wo fíìmù rẹ̀.

Tuntun, tòkunbọ̀ àbí àyédèrú

Mo ra àyédèrú lẹ́bàá títì lẹ́ẹ̀kan torí owó pọ́ọ́kú. Mo ka ojúewé 96 tán, mo ṣí i, ó di 113. Ojúewé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sórí bébà kan kí wọ́n tó ká a, bí ẹyọ bébà kan bá jábọ́, odindi mẹ́rìndínlógún ló lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà ojúewé díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì la ìwé náà dáadáa láàárín: tí lẹ́tà bá wọnú ẹ̀yìn ìwé tí kò ṣeé kà, ẹ dá a padà. Tòkunbọ̀ tó pé sàn ju àyédèrú tuntun lọ. Ti orí fóònù dáa fún ojú àgbà, torí lẹ́tà á tóbi bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n lórí fóònù míì àmì ohùn Yorùbá máa ń fọ́n ká.

Ẹ̀dà Stay With Me tèmi ò sí nílé báyìí. Oníbàárà kan yá a, ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Ọmọ òṣómàáló ni mí, mo ti mọ ilé rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, màá lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà.