Bíbélì Àgùdà Mẹ́ta Tí Wọ́n Ń Tà L'Ábújá: Èwo Ni Kí Ẹ Gbé Lọ Síbi Àríyànjiyàn?

Lórí tábìlì ìwé tí wọ́n máa ń tẹ́ lẹ́yìn Mísà ní Garki, Kubwa tàbí Nyanya, Bíbélì Òyìnbó mẹ́ta ló sábà máa ń pàdé ẹni tó fẹ́ rà: RSV (Revised Standard Version) ti Kátólíìkì, African Bible, àti Good News ti Kátólíìkì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára fún àdúrà àti fún kíkà nílé. Àmọ́ ọmọ Yorùbá tó jẹ́ Àgùdà ní Àbújá, tí aládùúgbò rẹ̀ ń lọ Rídíìmù, tí àna rẹ̀ jẹ́ Onítẹ̀bọmi, nílò èyí tí kò ní já a kulẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í pé, "Ibo ló wà nínú Bíbélì?" Ojú yẹn ni mo fi yẹ wọ́n wò, RSV ni mo sì mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka iye ìwé inú wọn, torí ibẹ̀ ni iyàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bíbélì Àgùdà ní ìwé 73. Bíbélì Yorùbá tó wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn ní 66. Méje tó fi lé ni Tóbítì, Júdítì, Ọgbọ́n, Síráákì, Bárúkù, Mákábéù Kìíní àti Ìkejì. Apá kan nínú Ẹ́sítérì àti Dáníẹ́lì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá Bíbélì Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dàgbà yóò ní Àgùdà ló lọ fi wọ́n kún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí 1455 ní wọ́n nínú, ó sì lé ní ọgọ́ta ọdún kí Luther, tó dá ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ìjà tirẹ̀ ní 1517. King James ti 1611 gan-an ní wọ́n: àárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun ló kó wọn sí. Ní 1826 ni ẹgbẹ́ tó ń tẹ Bíbélì ní Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé àwọn ò ní náwó sórí Bíbélì tó bá ní wọ́n mọ́. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi máa jáde ní 1884, ìpinnu yẹn ti pé ọdún 58. Bàbá wa ò rí ìwé méje náà rí, ni wọ́n ṣe rò pé kò sí.

Bí wọ́n bá bi wá pé ta ló fọwọ́ sí àwọn ìwé náà, ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré dárúkọ àpérò Ìjọ ní Róòmù ti 382. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀. Àpérò Hippo ti 393 àti ti Carthage ti 397, ní Àríwá Áfíríkà, ló ṣe é gbára lé. Bí wọ́n bá ní àpérò Trent ló fi àwọn ìwé náà kún Bíbélì ní 1546, ẹ sọ fún wọn pé àpérò Florence ti ka gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ ní 1442. Wọn yóò dárúkọ Jerome, tó tú Bíbélì sí èdè Látìn, pé òun náà ṣiyèméjì lórí wọn. Òótọ́ ni, ó ṣiyèméjì. Ẹ má jiyàn ìyẹn rárá. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èrò ẹnì kan, bó ti wù kó mọ̀wé tó, kọ́ ni Ìjọ ń tẹ̀ lé.

Wàyí o, ẹ ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Lúùkù 1:28, níbi tí áńgẹ́lì ti kí Màríà. Nínú RSV ti Kátólíìkì, ẹ óò rí "full of grace", bí a ṣe ń kí i nínú Rósárì: o kún fún oore-ọ̀fẹ́. Nínú African Bible, "favored one" ni. Good News ní Olúwa ti bù kún un gidigidi, ó parí. Ẹni tó bá gbé Good News lọ jiyàn lórí Màríà, Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi mú un. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni kecharitomene, ó ń tọ́ka sí ẹni tí a ti fi oore-ọ̀fẹ́ kún kí áńgẹ́lì tó dé. Ẹ kọ ọ́ sí etí ojú ìwé.

Àtọwọ́dọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí Ìjọ gbà lẹ́nu àwọn àpọ́sítélì, ńkọ́? Nínú 2 Tẹsalóníkà 2:15, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n di ohun tí wọ́n gbà mú, ìbáà jẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí nípa lẹ́tà. RSV àti African Bible kọ "traditions". Good News sọ ọ́ di "truths". NIV (New International Version), tí ọ̀pọ̀ ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì ń gbé, sọ ọ́ di "teachings", bẹ́ẹ̀ "tradition" ló kọ nínú Mátíù 15 níbi tí Jésù ti ń bá àwọn Farisí wí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ló wà níbi méjèèjì! Ẹ fi Bíbélì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

RSV náà ní kòtò tirẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Kàtíkísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà, ní nọ́ńbà 1032, tọ́ka sí 2 Mákábéù 12:46 lórí àdúrà fún òkú. Ẹ ṣí RSV, orí kejìlá parí sí ẹsẹ 45. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa yí ojú ìwé síwá sẹ́yìn, àwọn ará yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀: gbólóhùn tó parí ẹsẹ 45 ni African Bible yà sọ́tọ̀ bí ẹsẹ 46. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ 46 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹ má sì ka ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 39: Júdásì Mákábéù, olórí ogun àwọn Júù, lọ gbé òkú àwọn jagunjagun rẹ̀, ó bá oògùn òrìṣà Jámíníà tí wọ́n so mọ́ra lábẹ́ aṣọ wọn, ó kó ẹgbẹ̀rún méjì dírákímà fàdákà jọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé dáadáa yóò bi yín pé, ṣebí ìbọ̀rìṣà ló pa wọ́n, báwo ni Pọ́gátórì, níbi tí a ti ń wẹ ẹni tó kú nínú oore-ọ̀fẹ́ mọ́, ṣe kàn wọ́n? Ìbéèrè gidi ni. Ibi tí ẹsẹ yìí lágbára mọ ni pé àwọn Júù ń gbàdúrà fún òkú kí Jésù tó dé. Ẹ má gbé odindi ẹ̀kọ́ Pọ́gátórì lé e lórí. Ẹ fi 1 Kọ́ríńtì 3:15 àti Mátíù 12:32 tì í lẹ́yìn, bí Kàtíkísìmù ti ṣe ní 1031.

Lórí ère, kò sí ìyàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń bá wa jiyàn ní a yọ òfin kejì, tó ka ère léèwọ̀, kúrò. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 20:4-5 kí wọ́n rí i, kí ẹ tó lọ sí 25:18, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù. A kò yọ ọ́, a kà á mọ́ òfin kìíní ni, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ìjọ Luther ṣe ń kà á.

Ohun mìíràn tó mú mi fẹ́ràn RSV ni pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ló kọ́kọ́ ṣe é. Odindi rẹ̀ jáde ní 1952, ti Kátólíìkì tẹ̀ lé e ní 1966, wọ́n sì to àwọn ibi tí wọ́n yí padà sẹ́yìn ìwé náà. Ta ló máa wá sọ pé Róòmù ló hùmọ̀ rẹ̀? African Bible, tí wọ́n ṣe ní Nairobi ní 1999, ní àlàyé tó pọ̀ tó sì bá ilẹ̀ wa mu. Ó tóbi, ó wúwo, tábìlì ilé ló yẹ ẹ́, kì í ṣe àpò ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Mararaba.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé àkọlé, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Imprimatur, ìyẹn àṣẹ Ìjọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo Dáníẹ́lì: ó gbọ́dọ̀ dé orí 14. Àwọn Good News kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ìjọ, tó kó àwọn ìwé náà jọ sí àárín; bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ lọ, wọn yóò ní àfikún ni ẹ̀yin fúnra yín kà á sí. Ẹ tún la ìwé náà sí àárín, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú, rírán ni wọ́n rán an. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nìkan, ọyẹ́ Àbújá lè gbẹ gọ́ọ̀mù náà títí yóò fi là, ojú ìwé yóò sì máa já bọ́. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́; máákà yóò gba ẹ̀yìn yọ, pẹ́ńsù aláwọ̀ ló dára láti fi sàmì.