CompStat àbí EPIC: èwo ló ń tún ìwà ọlọ́pàá ṣe?

Ní 1994, ọlọ́pàá New York bẹ̀rẹ̀ CompStat: wọ́n á pe ọ̀gá àgọ́ síwájú, wọ́n á gbé iye ìwà ọ̀daràn àdúgbò rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá da ìbéèrè bò ó. Ó ń jẹ́ kí ọ̀gá jí gìrì, lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fi iye halẹ̀ mọ́ lè kọ olè jíjà sínú ìwé bí ẹrù tó kàn sọnù, kí iye náà lè dín kù.

EPIC, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọlọ́pàá New Orleans, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ń kọ́ ọlọ́pàá láti dá ẹnìkejì rẹ̀ dúró kó tó ṣi agbára lò, ìbáà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí inú bá ń bí sájẹ́ǹtì, ọmọṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gba eléyìí lọ́wọ́ yín." Ọ̀gá ọ̀hún gbọ́dọ̀ gbà o! EPIC ni tèmi.