Éríà òrùka fún rédíò ṣọ́ọ̀tù-wéèfù: èwo ló yẹ owó yín?

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́, mo jókòó sí yàrá mi ní Ìbàdàn pẹ̀lú rédíò Tecsun kékeré, mo ń wá Ohùn Nàìjíríà lórí 7255 kHz. Wùùùùù ni mo ń gbọ́. Ohùn olùka ìròyìn wà lábẹ́ ariwo náà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Mo so éríà òrùka, ìyẹn éríà tí wọ́n ká roboto bí òrùka, mọ́ rédíò, mo gbé e sẹ́nu fèrèsé, ariwo náà tún pọ̀ sí i. Àṣé mo kọ ojú rẹ̀ síbi tí kò yẹ ni. Mo di ẹsẹ̀ òrùka náà mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti sùn. Nígbà tó kan ibì kan, ariwo náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo yí i kọjá díẹ̀, ó padà dé. Mo dá a padà síbi tó ti rọlẹ̀, mo fi táàpù lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé, mo sì gbọ́ ìròyìn náà dópin.

Ìdí tí mo fi ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí nípa éríà yìí ló rò pé ohun tó máa mú kí rédíò dún sókè ni àwọn fẹ́ rà. Etí rédíò òde òní kò di. Ariwo inú ilé àti ti àdúgbò ló ń bo ohun tó ń gbọ́ mọ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ fẹ́ fowó rà, ibi tí ariwo yín sì ti ń wá ni yóò sọ irú èyí tí ẹ máa rà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ariwo náà rí

Ẹ fi bátìrì tan rédíò yín, ẹ wá ojú ibi tí kò sí sítéṣọ̀n kankan, kí ẹ wá máa pa nǹkan inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: ínfátà, gílóòbù LED, ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pa iná gbogbo ilé láti ibi mítà. Tí ariwo náà bá dákẹ́, ẹ ti mú olè láìná kọ́bọ̀. Èyí tó ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì ń dákẹ́ bí oòrùn bá ti wọ̀, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe kọ́ńtírólà sólà, yálà tiyín tàbí ti aládùúgbò. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní kété tí NEPA bá ti mú iná lọ, ínfátà ni kí ẹ fura sí. Tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ínfátà ilé kejì ni. Mi ò lè wọ ilé onílé lọ pa á, ibi tí òrùka ti wúlò fún mi gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní fúláàtì ní London, ariwo tiyín yàtọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà tẹlifóònù wọlé máa ń da ariwo sí ṣọ́ọ̀tù-wéèfù, àwọn ádápítọ̀ tó ń fi wáyà iná gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti yàrá dé yàrá sì tún burú jù ú lọ. Kọnkéré onírin kì í jẹ́ kí ohun tó ń bọ̀ láti òde wọlé dáadáa. Bí ẹ bá ní balùkónì, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó máa wo iye owó.

Wáyà lásán ńkọ́?

Ó yẹ kí n sọ ọ́ kí ẹ tó náwó. Bí ẹ bá ń gbé abúlé, tí ẹ̀yìnkùlé yín fẹ̀, tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà nítòsí, ẹ ta wáyà mítà 10 láti ojú fèrèsé sórí igi máńgòrò. Ó ṣeé ṣe kó gbọ́ ju òrùka kékeré lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo ti fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ gbọ́ rédíò lóko, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo gbé e dé ìgboro, gbogbo ariwo àdúgbò ló ń kó wọlé. Ìṣòro kejì ni pé rédíò kékeré kì í fara da wáyà gígùn: sítéṣọ̀n ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbi tí kì í ṣe ipò rẹ̀, òmíràn á gorí òmíràn.

Òrùka tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ńtímítà sí mítà kan ṣeé gbé kiri, ó sì ṣeé yí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Etí òrùka náà, ìyẹn ibi tí ẹ ó bá wò ó tí ẹ ó rí i bí igi tó dúró, ni ó fi ń gbọ́ràn jù. Ibi tí ihò rẹ̀ kọjú sí ni kì í fẹ́ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ihò yẹn ni kí ẹ kọ sí ariwo. Lórí mídíọ̀mù-wéèfù, ẹ lè yí i títí sítéṣọ̀n kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Lórí ṣọ́ọ̀tù-wéèfù kì í rí bẹ́ẹ̀, torí pé òkè ọ̀run ni sítéṣọ̀n ọ̀nà jíjìn ti ń já bọ̀ sórí òrùka, ibi yòówù tí ẹ bá kọ ọ́ sí ó máa gbọ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Ariwo ínfátà ilé kejì ò ti òkè wá o, ilẹ̀ ló ń bá wọlé. Ìdí rèé tí ẹ fi lè pa ariwo náà láìpa sítéṣọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú éríà yìí nìyẹn, títí di òní ó ṣì máa ń wú mi lórí.

Onítúùnù àti agbagbogbo

Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Òrùka onítúùnù ní bọ́tìnnì tí ẹ ó máa yí kó lè bá ibi tí rédíò wà mu. Bí ẹ bá kúrò ní 7255 kHz lọ sí 9 MHz, ẹ gbọ́dọ̀ tún un yí, títí ohùn á fi yọ jáde. Ó ń dáni dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní ńlá wà níbẹ̀: ibi tí ẹ yí i sí nìkan ni ó ń gbọ́ dáadáa, sítéṣọ̀n alágbára tó wà lórí ìgbì mìíràn kò ní rọ́nà da rédíò yín rú. Degen DE31MS àti GA-450 wà nínú ẹ̀yà yìí. GA-450 ní bátìrì tó ń gba ṣájì nínú ara rẹ̀, òrùka rẹ̀ kéré débi pé ó gba orí tábìlì. Kékeré yẹn náà ni àléébù rẹ̀, torí bí òrùka bá ṣe kéré tó ni ohun tó ń mú ṣe kéré tó. Sony AN-LP1 náà ń pín ìgbì sí ìpele ìpele, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń yàn án. Wọn ò ṣe é mọ́, ẹ ó rí i lọ́wọ́ kejì, àwọn tó ní in kì í sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Òrùka agbagbogbo kò ní nǹkan tí ẹ máa yí. Ó ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ańpù ìdí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára kún ohun tó gbà, sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí rédíò. Ẹ lè máa rìn láti ìgbì 49 mítà dé ìgbì 16 mítà lórí rédíò láìfọwọ́ kàn án. Bí ilé yín bá wà lẹ́bàá òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá, ìyẹn gan-an ló máa dá wàhálà sílẹ̀, torí ańpù náà lè kún àkúnya, kí ẹ sì máa gbọ́ sítéṣọ̀n ìtòsí lórí gbogbo ìgbì. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dín òrùka náà kù, tàbí kí ẹ dín agbára ańpù rẹ̀ kù bó bá ní ibi tí wọ́n ń yí.

Mo fi mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ lè wò wọ́n:

| Éríà | Oríṣi | Iná tó ń lò | Ibi tó bá mu |
|---|---|---|---|
| MLA-30+ | agbagbogbo, 500 kHz sí 30 MHz | USB, 5 fóltì | balùkónì, fèrèsé, rédíò tó ní jáàkì éríà |
| Sony AN-LP1 | 3.9 sí 25 MHz, onípele | bátìrì | ìrìn àjò, hòtẹ́ẹ̀lì |
| YouLoop | agbagbogbo, kò ní ańpù | kò gba iná | rédíò kọ̀ǹpútà tí etí rẹ̀ là |
| W6LVP | agbagbogbo, òrùka ńlá | 12 fóltì | òpó níta, ibi tí kò ní kúrò mọ́ |

MLA-30+ àti YouLoop, kí ẹ má ṣì wọ́n mú

Owó méjèèjì kò jìnnà síra, àwòrán wọn sì jọra, àwọn èèyàn sì máa ń ra ọ̀kan nígbà tí èkejì ló yẹ wọ́n. MLA-30+ wá láti Ṣáínà. Ańpù rẹ̀ wà ní ìdí òrùka, kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gùn dé inú ilé, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gba iná USB, kébù kan náà tó ń gbé ohùn bọ̀ ló ń gbé iná lọ fún ańpù. Ẹ so ó mọ́ Tecsun PL-330 tàbí XHDATA D-808, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irin òrùka rẹ̀ rọ̀, atẹ́gùn máa ń mì ín. Èmi so ó mọ́ pọ́ọ̀pù PVC, ó sì dúró. Kí òjò tó dé, ẹ wé ojú ibi tí wọ́n ti de òrùka mọ́ ańpù dáadáa, torí ìpata máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

YouLoop ti Airspy kò ní ańpù rárá. Kébù ni wọ́n fi ṣe òrùka náà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ká sínú báàgì, ariwo tirẹ̀ ò sì sí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé wá kéré gan-an, ó nílò rédíò tí etí rẹ̀ là, bí Airspy HF+ Discovery tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ rédíò kékeré àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rò pé ó ti bàjẹ́. Bí rédíò àtẹ́lẹwọ́ lẹ ní, owó MLA-30+ ni kí ẹ tọ́jú.

Àwọn olówó ńlá

W6LVP ti Amẹ́ríkà àti Wellbrook ti Wales, tí òrùka tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pá alumíníọ̀mù tó fẹ̀ tó mítà kan, wà fún ẹni tó ń jókòó tì í lóru, tó ń wá sítéṣọ̀n tí kò lágbára. Ańpù wọn kì í tètè kún, wọ́n sì le ju òjò lọ. Chavdar Levkov ní Bùlùgéríà náà ṣe ańpù kan, AAA-1, tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe òrùka rẹ̀, ẹ tún lè yí i padà láti inú ilé láti òrùka kan sí èkejì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, tó sì nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ ni ìgbádùn wà. Tó bá jẹ́ pé ìròyìn alẹ́ àti orin láti ilẹ̀ òkèèrè lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ ò nílò wọn.

Iná, kébù àti rédíò yín

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò pé éríà tí mo rà kò dára, kí n tó mọ̀ pé ṣájà fóònù tí mo fi ń gbé e lọ́wọ́ ló ń pariwo. Ẹ má fi ṣájà gbé éríà USB ṣiṣẹ́ bí kò bá pọn dandan. Páwà báǹkì ló sàn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò: àwọn páwà báǹkì kan máa ń pa ara wọn nígbà tí ohun tó ń gba iná lára wọn kò bá pọ̀, éríà yìí kò sì gba iná púpọ̀. Àwọn mìíràn náà ní ariwo tiwọn.

Ẹ wo rédíò yín kí ẹ tó rà. Bí kò bá ní ihò éríà ìta, ẹ lè fi wáyà inú kébù rọ̀ mọ́ éríà gígùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dára tó. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò kékeré, ihò yẹn kì í kan mídíọ̀mù-wéèfù, igi fẹ́ráìtì inú rédíò ló ń gba ìyẹn. Tecsun AN-200 jẹ́ òrùka fún mídíọ̀mù-wéèfù nìkan, 520 sí 1710 kHz, ẹ ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ni. Àwọn olùtajà kan máa ń kọ ṣọ́ọ̀tù-wéèfù sí i lára. Irọ́ ni.

Bí ààrá bá ti ń sán, ẹ yọ kébù kúrò lára rédíò kí ẹ sì jù ú jìnnà síi. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, kó má ṣe fi éríà yìí gbé ohùn jáde láéláé, ańpù rẹ̀ á jóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ti gba éríà USB tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, ẹ wá sítéṣọ̀n kan tó ń dún kedere lálẹ́, kí ẹ sì fa wáyà USB rẹ̀ yọ. Ohùn náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an. Bí kò bá yí padà rárá, ańpù náà ti kú tàbí kébù rẹ̀ ti já, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà.